Agbẹjọ́rò àgbà ni mínísítà ètò ìdájọ́, kì í ṣe adájọ́ àgbà

"Adájọ́ àgbà àti mínísítà fún ètò ìdájọ́." Bí ọ̀pọ̀ ìròyìn Yorùbá ṣe máa ń pe ẹni tó bá wà nípò náà l'Ábújá nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n ṣì fún un yìí ló jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà pé òun ni ọ̀gá àwọn adájọ́, pé bí adájọ́ bá ṣègbè, òun ló yẹ kí wọ́n fẹjọ́ sùn, pé bó bá ti fọwọ́ sí ìwé, ìdájọ́ ti yí padà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́yà ìjọba ni. Bó bá wọ kóòtù, iwájú tábìlì àwọn lọ́yà ló máa dúró sí, á tẹrí ba fún adájọ́, á sì máa pè é ní "Olúwa mi" bíi ti lọ́yà yòókù.

Abala 150 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ ọ́ kedere: agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ni olórí àwọn amòfin ìjọba, ó sì tún jẹ́ mínísítà. Òfin kò béèrè pé kó ti ṣe adájọ́ rí. Ohun tó béèrè ni pé kó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà, kí ẹ̀tọ́ náà sì ti pé ọdún 10 lọ́wọ́ rẹ̀. Ààrẹ ló ń yàn án, Ààrẹ sì lè yọ ọ́ nígbàkígbà. Lọ́dún 1994, Olu Onagoruwa tó wà nípò náà lábẹ́ Abacha sọ ní gbangba pé òun kò lọ́wọ́ nínú àwọn òfin ológun kan tí ìjọba gbé jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ NJC (National Judicial Council), tí adájọ́ àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ alága rẹ̀, ló ń dábàá ẹni tí wọ́n máa fi jẹ adájọ́, òun náà ló ń bá adájọ́ wí. Mínísítà kò sí lára ìgbìmọ̀ yìí. Ibi tó ti ní àga ni ìgbìmọ̀ FJSC (Federal Judicial Service Commission) tó ń to orúkọ ránṣẹ́ sí NJC; èèyàn 9 ló wà níbẹ̀, ọ̀kan péré ni òun, adájọ́ àgbà ló sì tún ń darí wọn. Owó ẹ̀ka ìdájọ́ pàápàá kì í gba ọ́fíìsì mínísítà kọjá: abala 81 ní kí wọ́n san án tààrà fún NJC.

Ìtàn ipò náà wà lára ohun tó fa àṣìṣe yìí. Láyé òyìnbó, Donald Kingdon ṣe agbẹjọ́rò àgbà Nàìjíríà láti 1919 títí di 1929, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé e lọ sí ipò adájọ́ àgbà. Taslim Elias di agbẹjọ́rò àgbà àti mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà tí a gba òmìnira lọ́dún 1960. Nígbà tó di 1972, òun náà di adájọ́ àgbà. Ẹni tó bá wo èyí lókèèrè á rò pé àkàsọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n àga kan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó sórí èkejì. Nílẹ̀ Yorùbá, Rotimi Williams ti ṣe agbẹjọ́rò àgbà àti mínísítà ètò ìdájọ́ fún Ìwọ̀ Oòrùn kí òmìnira tó dé, kò sì jókòó sórí àga adájọ́ nítorí rẹ̀.

Agbára ńlá wà lọ́wọ́ mínísítà o, ó kàn jẹ́ pé agbára olùpẹ̀jọ́ ni. Ìwé òfin 1960 fi agbára ìpẹ̀jọ́ ọ̀daràn sọ́wọ́ ọ̀gá àwọn olùpẹ̀jọ́ ìjọba, tí àwọn lọ́yà ń pè ní DPP. Ti ọdún 1979 ló gbé e fún agbẹjọ́rò àgbà fúnra rẹ̀. Lónìí, abala 174 jẹ́ kó lè pe ẹjọ́ ọ̀daràn, kó gba ẹjọ́ tí ẹlòmíràn pè, tàbí kó dá a dúró. Ìdádúró yìí ni wọ́n ń pè ní nolle prosequi. Bó ṣe ń lọ kò le: wọ́n á sọ ọ́ lẹ́nu ní kóòtù tàbí kí wọ́n mú ìwé wá, adájọ́ á sì tú olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Ilori lọ́dún 1983 pé kóòtù kò lè bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ìtúsílẹ̀ náà kì í ṣe ìdáláre, wọ́n ṣì lè tún ẹ̀sùn kan náà gbé dìde. Kò sì lè ṣe é mọ́ bí ìdájọ́ bá ti wáyé. Láti ibẹ̀ lọ, Ààrẹ nìkan ló lè dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ sí òfin àpapọ̀, lábẹ́ abala 175.

Ẹni tó wà lórí àga gan-an ló ni agbára yìí. Ní Kàdúná, igbákejì agbẹjọ́rò àgbà dá ẹjọ́ ìpànìyàn dúró nígbà tí kò sí agbẹjọ́rò àgbà kankan nípò. Bàbá ọmọ tí wọ́n pa kò gbà, ó pẹjọ́. Lọ́dún 1985, Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a láre: nígbà tí kò sí agbẹjọ́rò àgbà nípò, kò sí ẹni tó lè gbé agbára náà lé igbákejì lọ́wọ́.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù nìyí: agbára mínísítà kò kọjá ẹ̀sùn abẹ́ òfin àpapọ̀. Bí wọ́n bá pa èèyàn n'Íbàdàn, òfin ìpínlẹ̀ ló kàn, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló sì lágbára lórí rẹ̀ lábẹ́ abala 211. Ìwé tí ẹ bá kọ sí Ábújá kò lè dá ẹjọ́ yẹn dúró.

Kóòtù máa ń dá ìjọba tí mínísítà ń gbẹjọ́ rò fún lẹ́bi. Lọ́dún 2004, Ìpínlẹ̀ Èkó pe agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n dá dúró, Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì sọ pé Ààrẹ kò lágbára láti dá owó náà dúró. Lọ́dún 2024, Lateef Fagbemi tó wà nípò agbẹjọ́rò àgbà nígbà náà ló pe ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀, ó sì borí. Olórí àwọn adájọ́ kì í lọ pẹjọ́ síwájú adájọ́.

Bí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ má fi ìwé sí mínísítà ṣòfò àkókò, nítorí ọjọ́ ń kà. Fún ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, oṣù 3 lẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó bá jẹ́ ìdájọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ 14 tó bá jẹ́ àṣẹ àárín ẹjọ́. Ọjọ́ 90 ni ti ọ̀daràn. Tí ọjọ́ bá kọjá, ẹ ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù, ẹ ó sì ṣàlàyé ohun tó fa ìdádúró; "à ń retí èsì mínísítà" kì í ṣe àwíjàre tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìwà adájọ́ lẹ fẹ́ sọ, bí i rìbá tàbí ìdájọ́ tó ń falẹ̀ láìnídìí, NJC ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, lórúkọ adájọ́ àgbà tó jẹ́ alága. Ẹ kọ orúkọ adájọ́ náà, kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́ àti ohun tó ṣe gan-an, kí ẹ sì fi ìwé ìbúra tì í. Ìlànà ọdún 2017 fún yín ní oṣù 6 láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdájọ́ lásán ni kò dùn mọ́ yín, wọ́n á dá a padà, wọ́n á ní kí ẹ gba ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ.