"Chary" kì í ṣe orúkọ mìíràn fún "wary"

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ọ̀kan náà ni "chary" àti "wary", ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ẹni tí ó ń ṣọ́ra tàbí tí nǹkan ń fu lára, àti pé ẹni tí ó bá ti mọ "wary" kò nílò "chary" mọ́, nítorí pé fáàrí lásán ni àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ ń fi ṣe. Èrò náà kò tọ̀nà, ó sì ń mú kí a ṣi ìwé kà.

Ìró ni ó kọ́kọ́ ń tan ènìyàn, torí pé bí a bá yọ ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò, ìyókù dọ́gba. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè pẹ̀lú máa ń fi ìṣọ́ra túmọ̀ "chary", bẹ́ẹ̀ ni níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa yíyá ènìyàn lówó, èyíkéyìí nínú méjèèjì ló lè dúró. Ṣùgbọ́n "chary" ní apá kan tí "wary" kò ní rárá, èyíinì ni ahun ṣíṣe.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé kan jẹ́ "chary of praise", ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó háwọ́ bí ó bá kan ìyìn, kì í yin akẹ́kọ̀ọ́ àfi bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára dé ojú àmì. Ẹ fi "wary" rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá: ìyìn tí àwọn ẹlòmíràn ń yìn ín ni ó ń fu ú lára, bóyá ó rò pé wọ́n fẹ́ fi tan òun jẹ. Ẹni àkọ́kọ́ kì í fẹ́ fúnni, ẹni kejì kì í fẹ́ gbà.

Nínú eré Hamlet, tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1600, Laertes ń kìlọ̀ fún Ophelia arábìnrin rẹ̀ nípa ìfẹ́ ọmọ ọba. Ó ní ọmọge tí ó jẹ́ "chariest", ìyẹn ẹni tí ó "chary" jù lọ, pàápàá ti ya àpà tó bí ó bá ṣí ìbòjú kúrò lójú ẹwà rẹ̀ fún òṣùpá. "Prodigal" ni ọ̀rọ̀ tí ó lò fún àpà. Ahun ni ó fi kojú àpà níbẹ̀; bí a bá ní ìṣọ́ra nìkan ni ó ń sọ, agbára gbólóhùn náà ti dínkù.

Orírun wọn pàápàá kò papọ̀. "Wary" bá "aware" àti "beware" tan, nígbà tí "chary" wá láti inú "cearig" ti Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, tí ó túmọ̀ sí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́; ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ìbátan "care". Àwọn ará Jámánì ṣì ń lo ìbátan rẹ̀ mìíràn, "karg", fún ohun tí kò tó nǹkan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lo "chary" gbọ́dọ̀ wo ohun tí ó tẹ̀lé "of" dáadáa: bí ó bá jẹ́ ohun tí ènìyàn lè fi fún ẹlòmíràn, bí ìyìn tàbí ìmọ̀ràn, ìháwọ́ ni òǹkàwé tí ó gbọ́ èdè náà yóò kọ́kọ́ kà á sí.