Ẹ Kọ́kọ́ Sọ Òtítọ́ Fún Ẹni Tí Ẹ Fẹ́ Fi Ṣèwádìí

Oníròyìn wa kan lọ ra ata lọ́jà kan n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó ṣe ń dúró kí wọ́n wọn ata fún un ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé, fóònù lọ́wọ́, tó tẹríba kí ìyá aláta. “Ẹ kú ọjà o, mà. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní.” Ó béèrè orúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, iye tí wọ́n ń pa lóòjọ́, báńkì tí wọ́n ń lò, iye ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Ó ya wọ́n ní fọ́tò pẹ̀lú àtẹ wọn. Ìyá náà dáhùn gbogbo rẹ̀, wọn ò fi ọ̀kan pamọ́. Ìgbà tí ọmọ náà fẹ́ máa lọ ni wọ́n bi í pé, “Ọmọ mi, ìgbà wo lowó ọ̀hún máa wọlé?”

Wọ́n rò pé owó ìjọba ni, bíi TraderMoni ọdún 2018 tí wọ́n fi yá àwọn ọlọ́jà ní 10,000 náírà, tí wọ́n kọ́kọ́ ń gba orúkọ àti fọ́tò wọn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní “Ẹ ṣé, mà,” ó bọ́ sídìí àtẹ kejì. Ilé-iṣẹ́ kan ló rán an kó wá wo irú ọjà tí wọ́n lè tà fún irú wọn. Ọmọ náà ò parọ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìyá náà ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí òwò lára ènìyàn, ilé-iṣẹ́ ni o, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni o, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tó rán an níṣẹ́, ohun tó fẹ́ fi ìdáhùn ṣe, àti pé onítọ̀hún lè kọ̀. Kó sì sọ ọ́ ní èdè tí ẹni náà gbọ́.

Àwọn kan á ní kí ló le tó bẹ́ẹ̀, ṣebí ìbéèrè lásán ni. Ẹ jẹ́ ká rántí Kano.

Lọ́dún 1996, àrùn yírunyírun bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Nàìjíríà, ó sì pa èèyàn tó ju 10,000 lọ. Pfizer, ilé-iṣẹ́ apoògùn Amẹ́ríkà, ní oògùn tuntun kan tó fẹ́ gbé jáde, Trovan. Ó kó òṣìṣẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Kano, ó yan ọmọ 200. Wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n fún 100 ní ceftriaxone tí àwọn dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú: márùn-ún nínú àwọn tó lo Trovan, mẹ́fà nínú àwọn yòókù. Àwọn mìíràn yarọ, etí àwọn mìíràn di. Pfizer ní àrùn ló pa wọ́n, àti pé àwọn nọ́ọ̀sì ti fẹnu ṣàlàyé fún àwọn òbí. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé wọ́n ń dán oògùn wò. Ìtọ́jú ni wọ́n rò pé àwọn gbé ọmọ wá gbà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àṣírí tú pé lẹ́tà tó ní ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ti parí ni wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n wá fi déètì àtẹ̀yìnwá sí i.

Ọdún 2009 ni Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ gba 175,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2011. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n fún un lóògùn ti pé ogún ọdún.

Ìyá aláta ò ní kú nítorí ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí òun àti ìyá Kano: àwọn méjèèjì rò pé ìrànlọ́wọ́ ló dé, ẹni tó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sì panu mọ́.

Wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ okòwò ní ohun tí àwọn onímọ̀ ìwà sọ. Jeremy Bentham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ohun tó bá ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn láǹfààní jùlọ ló tọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn láti sá sí: bí oògùn bá jẹ́, àìmọye ọmọ ni yóò yè. Ọmọ ta wá ni wọ́n fi dán an wò? Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Immanuel Kant, ará Jámánì, ní a ò gbọdọ̀ sọ ènìyàn di irinṣẹ́ lásán. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn Kant la wà. Ìṣirò Bentham gan-an ò sì gbe ilé-iṣẹ́ lọ́rọ̀ yìí, nítorí nígbà tí Kano dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró lọ́dún 2003, Trovan wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń tọ́ka sí pé àwọn ò fi lè gbẹ́kẹ̀ lé òyìnbó olóògùn mọ́. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí lọ́dún 1996 ló jìyà ìyẹn.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, sọ ọ́ gbangba pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Kí àjọ tó ń mójú tó òfin náà jáde lọ sọ́jà, kó béèrè ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó ń gba nọ́ńbà kiri. Kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ okòwò wò kí wọ́n tó jáde, bí wọ́n ṣe ń yẹ ti àwọn oníṣègùn wò. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù ní Yorùbá, kó jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa kà fún ìyá aláta: “Mà, kò sówó kankan tó ń bọ̀ níbí o. Ṣé kí n ṣì béèrè?”