Bátìrì kọ́ ló ń dá típà yín dúró

Típà jí láàárọ̀, ó kọ̀ lọ́sàn-án, ó tún jí nírọ̀lẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹni mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá bi ní gáréèjì, mẹ́sàn-án á ní bátìrì ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín oṣù 8, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ bátìrì, méjì méjì sì ni, torí pé fóòtì 24 ni ọkọ̀ wa ń lò, bátìrì oní-12 méjì la ń so pọ̀ kó tó pé. Táyà tuntun lowó yẹn.

Ṣùgbọ́n bátìrì tó ń kú kì í ṣe àbíkú. Kì í lọ kó tún padà wá. Ṣe ló máa ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: lónìí ó yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ń fà, lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́. Ìdájí ni àìsàn rẹ̀ sì máa ń hàn jù, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú. Ọkọ̀ tó jí wàràwàrà ní aago mẹ́fà, tí alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń pèsè iná, ti ń ṣaájì bátìrì fún wákàtí méjì lójú ọ̀nà, tó wá kọ̀ nígbà tẹ́ ẹ pa á láti jẹ àmàlà, báwo ni bátìrì ẹ̀ ṣe fẹ́ jẹ̀bi? Lóòótọ́, irin inú bátìrì máa ń gé nígbà mìíràn, tí á kàn, tí kò ní kàn. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Ẹnì kan á ní: kí ló wá dé tí ọkọ̀ fi ń jí bá a bá ti gbé tuntun sí i? Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú wa. Kí bátìrì tuntun tó wọlé, ẹ máa tú orí méjèèjì, ẹ máa fi sáńpépà ha á, ẹ máa fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Ẹ ti mi wáyà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò sì mọ̀. Ibi tí kò kàn dáadáa ti kàn fúngbà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ọkọ̀ a máa jí. Tó bá tún kọ̀, a ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Jíjí ọkọ̀ pẹ̀lú bátìrì ọkọ̀ mìíràn náà ń tan ni. Bí awakọ̀ bá fi wáyà dúdú há ara ẹ́ńjìnnì, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ kọjá.

Awakọ̀ mi ló ṣí mi lójú, òun náà ò mọ̀. Kúárì kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta la wà, òkúta ti kún ẹ̀yìn típà, ọkọ̀ kọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó pariwo: “Ẹ̀gbọ́n, wáyà tí mo fi ń pa ẹ́ńjìnnì yìí ti gbóná o! Èéfín ti ń rú lára ẹ̀!” Bàbá réwáyà kan tó ń jókòó sábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà kúárì gbọ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Iná ò rí ojúlé gbà mọ́,” ó ní, “ló ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé.”

Bàbá ní kí n má tíì fọwọ́ kan bátìrì. Wọ́n fi ẹsẹ̀ mítà kan sí orí bátìrì, níbi àmì ìyọkúrò, wọ́n fi èkejì sára irin ẹ́ńjìnnì níbi tí kò sí ọ̀dà, wọ́n ní ká yí kọ́kọ́rọ́. Mítà ka fóòtì 4. Kò yẹ kó tó ààbọ̀ fóòtì. Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n di wáyà pẹlẹbẹ tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáásì mú, èyí tí àwọn réwáyà ń pè ní earth, tí iná kíìkì ń gbà padà sí bátìrì, wọ́n mì í. Okùn irin inú rẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀ bí irun orí tí wọ́n ń gẹ̀. Lábẹ́ bóòtù, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ti kún ibẹ̀. Bí irin bá tutù, ìwọ̀nba tó kù ń kàn. Bó bá gbóná, tí gbálagbàla kúárì ti mì í, kò kàn mọ́.

Ìṣirò rẹ̀ ò le, Georg Ohm ará Jámánì ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti 1827. Kíìkì sítátà ọkọ̀ ńlá, ìyẹn mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó jí, lè fa 300 áńpíà. Bí ìdènà ibì kan lójú ọ̀nà iná bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohm péré, fóòtì 3 ti ṣòfò níbẹ̀ nìyẹn. Dísẹ́ẹ̀lì ò sì ní púlọ́ọ̀gì tó máa ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀ ni ooru rẹ̀ ń dáná sí epo, bí kíìkì bá wá ń yí i tìkọ̀tìkọ̀, ooru á ti sá kí epo tó dé.

Iná iwájú ọkọ̀ la máa ń kọ́kọ́ tàn báyìí ká tó yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá ṣókùnkùn pátá, bátìrì tàbí orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá mọ́lẹ̀ kedere, tẹ́ ẹ kàn gbọ́ “tà!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ earth ẹ́ńjìnnì bíi tiwa, ó sì lè jẹ́ bàbà inú solenoid, súìṣì ńlá tó ń gbé iná fún kíìkì, ló ti jóná. Ìdí nìyẹn tí fífi sípánà gbá a ṣe máa ń ràn án: bàbà náà á ṣí díẹ̀ kúrò níbi tó ti jó. Ẹ má sọ ọ́ di àṣà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá ṣùgbọ́n tí kò mú iná, ẹ fi bátìrì sílẹ̀, epo ni. Èyí tó máa ń ta awakọ̀ lójú ni róbà epo láti táńkì dé pọ́ǹpù. Torí pé fífà ni pọ́ǹpù ń fà, ibi tó lu lè má jo síta rárá, afẹ́fẹ́ ló ń gbà wọlé. Bẹ́ ẹ bá pa ọkọ̀, epo á sán padà sí táńkì. Ẹ wò ó bóyá ó máa ń jí bí táńkì bá kún, tàbí bẹ́ ẹ bá páàkì í tí táńkì ga ju ẹ́ńjìnnì lọ. Àwọn awakọ̀ wa sì fẹ́ràn kí wọ́n páàkì sórí òkè kí wọ́n lè fi yíyí ji ọkọ̀, wọ́n á fi bẹ́ẹ̀ bo àìsàn méjèèjì mọ́lẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá bátìrì lẹ́jọ́, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èyí tó kún, tó ti sinmi mọ́jú, á ka fóòtì 12.6 tàbí kó sún mọ́ ọn. Bí kíìkì ṣe ń yí, kò yẹ kó já wálẹ̀ ju 9.6 lọ.

Owó wáyà tí bàbá pààrọ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó bátìrì kan. Ọ̀kan nínú èyí tí mo pè ní kóńdẹ̀m, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 4 nígbà náà, awakọ̀ mi bẹ̀ mí fún un, ó gbé e lọ sílé, ó so ó mọ́ inverter kékeré. Bí iná bá lọ lálẹ́, ó ṣì máa ń pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, kóńdẹ̀m yín ṣì ń tàn o.”