Káàdì Lọ́rùn, Ọwọ́ Lákìmbò

Ẹ wá wo ayé jíjẹ ní Abẹ́òkúta! Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo pàdé àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba wa láti Àbújá nísàlẹ̀ Àpáta Olúmọ, àwọn tó yẹ kó wà ní sẹ́mínà. Mo yìn wọ́n gan-an ni. Ẹni tó gba owó DTA, owó ìrìnàjò iṣẹ́ ìjọba, tó buwọ́ lùwé ní aago mẹ́sàn-án, tó sì ti ń gun àpáta kí aago mẹ́wàá tó lù, Ìjàpá gan-an gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Káàdì orúkọ sẹ́mínà tí wọ́n gbé kọ́rùn yẹn ni kò yé mi. Ta ni wọ́n ń fi han lókè níbẹ̀? Àwọn alángbá? Atẹ́gùn gbé ti ọ̀gá kan bo ojú rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó fi ọwọ́ kan di irin mú, ó ń fi ìkejì yí káàdì padà kí orúkọ lè kọjú sí kámẹ́rà. Wọ́n dé Ìtòkú láti ra àdìrẹ, káàdì wà lọ́rùn. Ìyá aláṣọ ka "Igbákejì Olùdarí", ló bá sọ iye owó di ìlọ́po méjì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n jókòó ti ìrẹsì ọ̀fadà, káàdì ki orí bọ ọbẹ̀ ayamáṣe. Ọ̀gá nù ún, ó lá ìka, ó tún dá a padà sáyà, epo ń kán. Ṣé wọ́n tún ń wọ̀ ọ́ wẹ̀ ni? Ṣé ìyàwó ilé ló máa bá wọn bọ́ ọ?

Èmi tí wọ́n bí ní Ìkìjà, mo yà sọ́dọ̀ ìyá aláṣọ kan náà, iye ọ̀gá ló pè fún mi. Mo na ọrùn sí i kó wò ó dáadáa pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní ọjà ti gbówó lórí, bàbá, ẹ má bínú. Mo bínú. Mo ṣì ń bínú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò ti dé Facebook: wọ́n ti "ṣàwárí" Abẹ́òkúta! Ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó ní 1830, tí ìwé ìròyìn ti jáde níbẹ̀ ní 1859, àárín sẹ́mínà ni wọ́n ti rí i he.

Láyé ìgbà tiwa, bí a bá dé inú ihò Olúmọ tí àwọn baba wa forí pamọ́ sí lásìkò ogun, ohùn wa á rẹlẹ̀. Ojú ibi tí àwọn ìyá ti ń lọ nǹkan lórí òkúta ṣì wà níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn inú wa ò jẹ́ fẹsẹ̀ kàn án. Ọ̀gá kan gbé ìgò mọ́ọ̀tì sínú ẹ̀, ó kọ́ káàdì sọ́rùn ìgò, ó yà á lápá ọ̀tún, ó yà á lápá òsì.

Ojú ò tì yín? Owó wa lẹ fi wá! Ẹni tó wá kọ́ yín níṣẹ́ ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ń ya fọ́tò ìgò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí Olúmọ, ọjọ́ Sátidé wà, ẹ fi owó ara yín wá, a ó gbé yín gùn ún pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ní báyìí ná, ẹ sọ fún dẹrẹ́bà yín kó gbé bọ́ọ̀sì ìjọba yẹn kúrò lẹ́nu géètì mi.