Ajá olùṣọ́ tó pa adìẹ: ṣé ẹ̀kọ́ ló kù, àbí kí a mú un kúrò?

Olùtọ́jú Ẹran: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ajá Maremma mi (irú ajá tí a ń fi ṣọ́ ẹran ọ̀sìn), ọmọ oṣù 8, kì í yọ àgùntàn lẹ́nu rárá, ṣùgbọ́n ó lé adìẹ kan títí tí adìẹ náà fi kú. Kò jẹ ẹ́; ńṣe ló dùbúlẹ̀ tì í, tí ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, tó ń fi ọwọ́ tì í bóyá yóò tún dìde sáré. Ṣé kí n máa kọ́ ọ lọ, àbí kí n mú un kúrò láàárín adìẹ pátápátá?

Bàbá Alájá: Ajá tó bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ adìẹ wò kò ní jáwọ́ mọ́. Ẹ mú un kúrò.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ: Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹni tó béèrè ti sọ pé kò jẹ ẹ́. Eré ló ń ṣe. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbọ́n tán kí ó tó pé nǹkan bí ọdún 2, àgùntàn àti ewúrẹ́ sì ni a ti ń fi ìran wọn ṣọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àgùntàn a máa dúró kí ajá gbóòórùn òun, ṣùgbọ́n adìẹ a gbọn ìyẹ́, a sì sá, sísá yẹn gan-an ló ń fa ọmọ ajá. Ẹ fi okùn gígùn dì í mú nígbàkúùgbà tó bá wọ àárín wọn, kí ẹ sì pè é padà ní kété tó bá tẹjú mọ́ adìẹ, kí ó tó fò dìde. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, kí nẹ́ẹ̀tì wà láàárín wọn.

Agbẹ̀ Òwúrọ̀: "Eré ló ń ṣe" nìkan ni mo fẹ́ fèsì sí. Eré tó ń pa adìẹ kì í ṣe eré. Ẹ so òkú adìẹ náà mọ́ ọn lọ́rùn títí yóò fi jẹrà, yóò kórìíra adìẹ láéláé.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ: Ẹ̀yin Agbẹ̀ Òwúrọ̀, ìkà ni ìyẹn. Ajá kì í so ìyà òní pọ̀ mọ́ ohun tó ṣe lánàá. Àti pé, ta ló fẹ́ kí olùṣọ́ kórìíra ohun tó ń ṣọ́?

Agbẹ̀ Òwúrọ̀: Ojú mi ló ṣe tó ṣiṣẹ́ fún ajá kan.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ: Bóyá ajá náà kàn dàgbà ni.

Òǹkàwé Ọ̀sìn: Ní Warrnambool, ní Ọsirélíà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a máa kọjá sí erékùṣù Middle Island nígbà tí omi bá fà, wọ́n sì pa ẹyẹ penguin kéékèèké ibẹ̀ títí wọn kò fi tó 10 mọ́ ní 2005. Ní 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Maremma ṣọ́ wọn, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tó ń fi irú ajá yìí ṣọ́ adìẹ ni ìmọ̀ràn náà sì ti wá.

Bàbá Alájá: MO TÚN UN SỌ: AJÁ TÓ BÁ TI TỌ́ Ẹ̀JẸ̀ WÒ KÒ NÍ JÁWỌ́!

Agbẹ̀ Òwúrọ̀: Penguin kì í ṣe adìẹ.

Alájá Funfun: Ẹ má ṣe jẹ́ kí adìẹ dé ibi tí ajá ti ń jẹun. Great Pyrenees mi, irú ajá olùṣọ́ mìíràn, kì í lé adìẹ, àfi èyí tó bá yọ ẹnu sínú àwo rẹ̀.

Olùtọ́jú Ẹran: Ẹ ṣeun. Lálẹ́ ńkọ́, ṣé kí n tú u sílẹ̀ yí ilé adìẹ ká bí wọ́n bá ti wọlé tán?

Agbẹ̀ Òwúrọ̀: Ìyá Ẹlẹ́yẹ, ẹ kò tíì sọ ìdí tí ajá tí mo wí kò fi pa adìẹ kankan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.