Kòkòrò tí apá oògùn kò ká: oògùn líle kò lè fọ̀ ọ́ kúrò nínú ìfun

Èsì àyẹ̀wò dé. Nọ́ọ̀sì sọ fún ẹbí pé wọ́n rí kòkòrò kan nínú ìgbẹ́ ìyá wọn, irú èyí tí apá oògùn kò ká. Ohun tí ẹbí kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ìyá wa ní áńtíbáyótíìkì tó le jù tí ẹ ní, kí ẹ fi fọ inú wọn mọ́." Mo mọ ìfẹ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò ní fọ̀ ọ́ kúrò, ó sì lè bá nǹkan jẹ́ sí i.

Kí kòkòrò máa gbé lára ènìyàn yàtọ̀ sí kí ó máa ṣe é ní àìsàn. Ẹ wo sítáfù tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ ní kẹ́míìsì: nínú ènìyàn 10, bíi 3 ló ń gbé e kiri nínú imú láìmọ̀, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bákan náà ni E. coli àti Klebsiella tí apá oògùn kò ká ṣe lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú ìfun. Tí ibà kò bá sí, tí títọ̀ kò dun aláìsàn, tí ojú abẹ kò ṣe ọyún, tí dókítà kò rí àmì àkóràn kankan, kí ni oògùn fẹ́ wò?

Àwọn dókítà ní Geneva, ní Swítsálándì, ti dán an wò. Aláìsàn 58 tí irú kòkòrò yìí wà lára wọn ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún apá kan ní colistin àti neomycin mu fún ọjọ́ 10, wọ́n sì fún apá kejì ní oògùn tí kò ní agbára kankan nínú. Nígbà tí oògùn parí, ó dà bíi pé ó ti bọ́ sí i: ìdá 32 nínú 100 àwọn tó lo oògùn gidi ló ṣì ní kòkòrò náà nínú ìfun, nígbà tó jẹ́ ìdá 77 láàárín àwọn yòókù. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò. Ó ti di ìdá 67 láàárín àwọn tó lo oògùn gidi, àti 68 láàárín àwọn yòókù.

Ẹni tó bá ti dá oko rí mọ bó ṣe rí. O dáná sun ilẹ̀ tí ẹ̀kan wà, ilẹ̀ mọ́ kedere. Òjò kan ṣoṣo, ẹ̀kan ló máa kọ́kọ́ yọrí, torí gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tí iná kò dé. Àwọn koríko tí ì bá máa bá a du ilẹ̀ ni iná pa. Nínú ìfun, àwọn kòkòrò rere tó ń há àyè mọ́ èyí burúkú ni áńtíbáyótíìkì ń pa. Colistin yìí pàápàá wà lára oògùn ìkẹyìn tí dókítà ń nawọ́ sí nígbà tí irú kòkòrò yìí bá wọ ẹ̀jẹ̀. Bí a bá ti fi kọ́ kòkòrò lọ́gbọ́n nígbà tí àìsàn kò sí, kí la máa lò lọ́jọ́ tí ó bá dé? Lọ́dún 2019, ESCMID, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àìsàn àkóràn ní Yúróòpù, sọ pé kí wọ́n má ṣe sọ fífi oògùn lé irú kòkòrò inú ìfun yìí di àṣà.

Ti MRSA, sítáfù tí apá oògùn kò ká, yàtọ̀. Awọ ara àti imú ló sábà máa ń gbé, ọwọ́ sì tó ibẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013 kan aláìsàn tó lé ní 74,000, nínú wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le ní ọsibítù 43. Níbi tí wọ́n ti ń fi chlorhexidine nu ara gbogbo aláìsàn lójoojúmọ́, tí wọ́n sì fi mupirocin sí wọn nímú fún ọjọ́ 5, àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ fi ìdá 44 nínú 100 dín kù. Ẹ kíyè sí i: ìpara àti ìnura ni, kì í ṣe kápúsù.

Ti inú ìfun, àkókò ló sábà máa ń lé e. Àwọn ará Nẹ́dálándì tó kó o bọ̀ láti ìrìn àjò, ìdajì wọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 30, àmọ́ ó ṣì wà lára ìdá 11 nínú 100 lẹ́yìn ọdún kan. Ti aláìsàn ọsibítù lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ń fún un ní áńtíbáyótíìkì léraléra.

Nítorí náà, ẹ má sá fún ìyá yín. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa bi nọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ bóyá rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ wọn ṣì pọn dandan, torí ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé nìyẹn. Tí wọ́n bá sì gbé wọn lọ sí ọsibítù mìíràn, ẹ tètè sọ ohun tí àyẹ̀wò rí, kí dókítà ibẹ̀ lè mọ oògùn tí yóò yàn bí iṣẹ́ abẹ bá délẹ̀.