Ọdún Wo Ni Wọ́n Bí Yín, Bàbá?

(Lábẹ́ agboòrùn Táwà, oníPOS kan ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Gbóyèga, oníṣòwò kajú, dorí kodò sí fóònù. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í.)

BÀBÁ: Táwà, wá wo nǹkan yìí. 180,000 náírà ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníkajú. Mo tẹ kóòdù báńkì, 100,000 lọ. 80,000 tó kù, ó ní rárá.

TÁWÀ: Bàbá, kóòdù kì í kọjá 100,000 lójúmọ́. CBN ló pa á láṣẹ láti 2018. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ á lọ fọwọ́ síwèé ní báńkì.

BÀBÁ: Ṣé CBN ló bá mi sá kajú ni?

TÁWÀ: Ẹ jẹ́ ká gba orí áàpù, ká sún líìmìtì yín sókè. Ẹ ṣáà máa fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni owó.

BÀBÁ: Èmi? Gbogbo Tákíé ló mọ̀ mí!

TÁWÀ: Áàpù ò gbé Tákíé. OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ń dá yín mọ̀, ti wọlé sórí fóònù yín. Ẹ má sọ ọ́ fún mi o.

BÀBÁ: (ó kígbe) Méje! Òdo! Mẹ́ta! Mẹ́jọ! Méjì!

(Ẹ̀yin tí ẹ mọ Tákíé mọ̀ pé ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́rọ̀, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí.)

TÁWÀ: Àní ẹ má sọ ọ́!

BÀBÁ: Ṣé ìwọ ni mò ń sọ ọ́ fún? Fóònù ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

ỌLỌ́KADÀ: (láti ọ̀ọ́kán) Bàbá, ẹ ò tíì ka ìkẹfà!

TÁWÀ: Ó kan ojú. Ẹ ṣí fìlà. Ẹ ṣẹ́jú. Ẹ yíjú sọ́tùn-ún. Ẹ yanu.

(Bàbá yanu gbàgà. Obìnrin kan tó ń kọjá dúró.)

OBÌNRIN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Eyín ni àbí ọ̀fun?

BÀBÁ: (ẹnu ṣì là sílẹ̀) Áhà-áhù!

ÌYÁ: Ó ní òun ń sanwó kajú ni.

TÁWÀ: Kò dá yín mọ̀, Bàbá. Irun dúdú kirikiri ló wà nínú fọ́tò BVN.

ÌYÁ: Wọ́n kun ún ni! Wọ́n ní báńkì ò gbọdọ̀ mọ̀ pé àwọn ti ń dàgbà.

BÀBÁ: Ìyá Gbóyèga, jẹ́ n ríbi ṣẹ́jú jàre.

TÁWÀ: Ó ti gbà! Ó ku ọdún tí wọ́n bí yín. Kó bá ti inú BVN mu o. Tẹ́ ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, á ti áàpù pa.

(Bàbá wo ìyàwó. Ó wo Táwà. Ó wo agboòrùn.)

BÀBÁ: Ìyá Gbóyèga, lọ ra ẹ̀kọ wá fún mi.

ÌYÁ: Ẹ̀kọ kẹ̀? Ṣebí ẹ jẹ ọkà kẹ́ ẹ tó jáde.

BÀBÁ: (wúyẹ́wúyẹ́) Táwà, tẹ 1962.

TÁWÀ: Ó ní rárá.

BÀBÁ: Tẹ 1958.

ÌYÁ: 1958 báwo? 1962 lẹ sọ nígbà tí ẹ wá tọrọ mi!

BÀBÁ: Ti ìdána nìyẹn. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni 1958.

TÁWÀ: Ó tún kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù o.

BÀBÁ: (ó mí kanlẹ̀) 1951.

TÁWÀ: Ó ti gbà! 80,000 ti lọ!

ÌYÁ: 1951! Bàbá mi tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún, 1953 ni wọ́n bí wọn!

BÀBÁ: Ìwọ náà ò ṣe fura? Ṣé o ò rí i bí mo ṣe pẹ́ tó kí n tó dìde lọ́jọ́ náà ni?